Jíìpù Tó Máa Gbé Màmá Sọ̀kalẹ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà

Ọkọ̀ wa kú lónìí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ló kú sí, pẹ̀lú aṣọ tí mo rán fún àwọn oníbàárà lẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wò ó títí, ó rọra pa á dé bí ẹni ń fi aṣọ bo òkú lójú. Ó ní kí n má náwó lé e lórí mọ́.

Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń dùn mí. Dókítà ojú ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún Màmá mi – Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Awọ funfun tó bo ẹyinjú rẹ̀ ti nípọn, wọ́n ní ká má tún fi falẹ̀. Màmá sì wà lórí òkè, nínú ilé tí Bàbá kọ́ kó tó kú. Ọ̀nà ibẹ̀, òkúta àti kòtò ni láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lọ́dún tó kọjá tí orúnkún dá a dúró sílé, ọkùnrin méjì ló fi àga gbé e sọ̀kalẹ̀. Àwọn tó ti kọ́ níwèé rí (ọ̀gá ilé-ìwé ni, kí ó tó fẹ̀yìn tì) dúró lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń wò ó. Ó búra pé ẹnikẹ́ni ò ní gbé òun bí ẹrù mọ́ láyé. Màmá kì í búra lásán.

Nítorí náà: jíìpù. Kó lè gun òkè. Kó lè wọ àdúgbò ṣọ́ọ̀bù mi. Kó má sì jẹ wá run.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ọ̀gá Máàkì ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ níbí – olùkọ́ ìṣirò ni, kò sí ohun tí kì í fún ní máàkì. Ó ti fún òórùn ọṣẹ mi ní máàkì rí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná: Òkè. Ìgboro. Àpò. Mẹ́wàá mẹ́wàá fún ìkọ̀ọ̀kan. Ó ń wo fídíò jíìpù láti ìgbà tó ti dé láti ibi iṣẹ́. "Abẹ́ rẹ̀ ga, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà" – ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ki èèyàn ní oríkì. Mo bi í nígbà wo ló ti ki èmi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Kò gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Èmi náà ní ètò tèmi. Mo ti kun yàrá ẹ̀yìn. Mo rán kọ́tìnì aláwọ̀ ewé síbẹ̀. Bí Màmá bá ti sọ̀kalẹ̀ báyìí, kò ní gòkè mọ́. Ilé yẹn ti jù ú lọ. Ó ti sú mi kí fóònù máa dún láàárọ̀ kí àyà mi máa já. Nítorí náà, ká má purọ́, kò kàn mí bóyá jíìpù náà lè gun òkè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

A lọ sọ́dọ̀ alágbàtà ọkọ̀. Orúkọ tí mo fún un: Kò-Sí-Wàhálà. Ohun tó fi ń dáhùn gbogbo ìbéèrè nìyẹn. Ṣé bíréèkì rẹ̀ ṣì dára? Kò sí wàhálà. Ta ló lò ó kẹ́yìn? Kò sí wàhálà.

Jíìpù mẹ́ta ni apá wa ká. Àkọ́kọ́ ga, ó ní igun mẹ́rin bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ohùn rẹ̀ sì jinlẹ̀. Màlúù. Èkejì funfun, ó ń dán, ìjókòó rẹ̀ rọ̀ débi pé oorun fẹ́ẹ́ gbé mi lọ. Arẹwà. Ẹ̀kẹta kúkúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ rí róbótó, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí ohun tí ọmọ ọwọ́ ṣe sí ìlédìí. Ìjàpá. Mo béèrè ẹni tó kùn ún bẹ́ẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà ní, "Màdáàmù, àwọ̀ kọ́ ló ń gun òkè." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ni àwọn ará àdúgbò máa kọ́kọ́ rí.

Ó gbà pé ká gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ dán wò, bí òun bá ti jókòó síwájú.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Màlúù gun òkè lónìí. Ó gun òkè! Odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, ó là á kọjá bí ẹni ń fo ẹnu ọ̀nà. Òkúta, kòtò, kò ya ibì kan. Ọ̀gá Máàkì ń pariwo bí ọmọ kékeré, ó ní mẹ́wàá, mẹ́wàá, mẹ́wàá.

Màmá jáde. Kùrukùru ló ń rí, nítorí náà ọwọ́ ló fi ń wo nǹkan. Ó fọwọ́ pa ilẹ̀kùn, ó fọwọ́ pa táyà, ó wá ìjókòó lọ sókè, sókè – ó bá a ní àyà rẹ̀. Ó béèrè pé ta ló fẹ́ gbé òun gun orí ibẹ̀. Kí n tó la ẹnu, Kò-Sí-Wàhálà ti dá a lóhùn: "Màmá, kò sí wàhálà, a máa gbé yín."

Gbé! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé.

Màmá ní, "Òdo." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ – bí a ṣe padà sílé nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Màlúù wọ àdúgbò ṣọ́ọ̀bù mi. Kò rí ibi dúró sí. Ó mu epo bí ẹni tó sáré dé láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀gá Máàkì kọ mẹ́rin sí abẹ́ Ìgboro, ojú rẹ̀ kọ́rẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Ọ̀gá Máàkì ní ká wá àpótí tí Màmá á máa fi gun Màlúù. Èmi ni wọ́n ní kí n sọ fún un. Màmá ní, "Èmi? Kí n gun àpótí bí ọmọ tó fẹ́ jí ṣúgà?" Ó gé fóònù mọ́ mi lójú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Arẹwà. Ah, Arẹwà! Mo wà á yí ìgboro ká láàárọ̀. Kò pariwo, kò gbọ̀n. Obìnrin tí kò kí mi láti ọdún tó kọjá sá jáde wá kí mi. Mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ọkọ mi, mo fi ọwọ́ ara mi kọ mẹ́wàá sí abẹ́ Ìgboro.

Lọ́sàn-án, ó di òkè. Ó la odò kọjá. Ó kan ẹrẹ̀ pupa, táyà iwájú ń yí lórí ibì kan náà, ẹrẹ̀ ń ta sí wa lójú. A ò tilẹ̀ dé ibi tí ọ̀nà ti kọ́kọ́ yí. Kò-Sí-Wàhálà sọ̀kalẹ̀, ó wò ó, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò sọ nǹkan kan.

A fẹsẹ̀ rìn gòkè lọ sọ fún Màmá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.  Lẹ́yìn náà, ó ní kí a dá òun lóhùn ìbéèrè kan: bí òun bá sọ̀kalẹ̀, kí ló máa gbé òun gòkè padà?

Mo ń wo ẹrẹ̀ tó wà lára bàtà mi.

Ó ní, "Gbogbo yín, sísọ̀kalẹ̀, sísọ̀kalẹ̀. Òkúta lásán náà mọ̀ ọ́n yí sọ̀kalẹ̀." Ó tún ní, "Mo gbọ́ pé o ti kun yàrá." Mo yíjú sí Ọ̀gá Máàkì. Ó ń wo àjà bí ẹni pé wọ́n kọ ìṣirò síbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo sunkún lónìí. Inú kọ́kọ́ bí mi sí ọkọ mi, tó lọ tú àṣírí yàrá fún Màmá. Inú tún bí mi sí Màmá. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó kù tí inú lè bí mi sí àfi èmi.

Kì í ṣe ọ̀bẹ dókítà ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá ti jáde nílé yẹn, a ó ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn òun. Ẹ̀rù yẹn kì í sì ṣe lásán. Èmi ni mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Jíìpù tí kò bá lè gòkè padà, kò sí nínú èyí tí a ó rà mọ́. Mo nu mẹ́wàá Arẹwà kúrò fúnra mi. Ó dùn mí o. Ìjókòó yẹn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ń wọn oníbàárà kan lónìí, téèpù wà ní ìbàdí rẹ̀, nígbà tí nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo dúró bẹ́ẹ̀. Obìnrin náà bi mí pé ṣé òun ti sanra tó bẹ́ẹ̀ ni.

Gbogbo ayé ni mò ń wọ̀n. A wọn odò, a wọn òkè, a wọn epo. Kò sí ẹni tó wọn Màmá!

Mo pè é. Mo ní, àga wo lẹ lè jókòó sí kí ẹ sì dìde láìdi nǹkan mú? Ó ní àga Bàbá. Mo ní báwo ló ṣe ga tó? Ó ní ó dé orúnkún òun, ó fi ìka méjì lé e. Ó parí. Ta ló ń rán aṣọ Màmá láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá? Mo mọ gíga orúnkún rẹ̀ lórí bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo mú téèpù lọ sọ́dọ̀ Kò-Sí-Wàhálà. Mo wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìjókòó. Màlúù – kí Màmá kọ́ fífò. Arẹwà pàápàá ga jù ú lọ. Ìjàpá – àga Bàbá gẹ́lẹ́. Mo tún un wọ̀n. Kò-Sí-Wàhálà ní ṣé aṣọ ni mo fẹ́ rán fún un ni. Mo ní pẹ̀lú àwọ̀ yẹn, ó nílò rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìlélógún

Mi ò lè jẹun láàárọ̀. Bí Ìjàpá ò bá gun òkè, kò sí ẹ̀kẹrin.

Odò: ó là á kọjá, omi fẹ́ẹ́ dé ilẹ̀kùn. Ẹrẹ̀ tó mú Arẹwà: Ọ̀gá Máàkì tẹ nǹkan kan, ó ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń fà. Ó ń rá, ó ń kérora, òkúta ń ha á lábẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nígbẹ̀yìn, a rí òrùlé Bàbá. Kò-Sí-Wàhálà ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Màmá tún fi ọwọ́ wò ó. Ó wá ìjókòó, ọwọ́ rẹ̀ bá a níbi tó ti lérò pé kò lè sí. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó jókòó. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. Ó gbé èkejì. Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò kàn án. Ó ní kí a pa ilẹ̀kùn. A pa á. Ó ní kí a ṣí i. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́. Ó tún sọ̀kalẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́. A dúró, a ń wò ó, kò sí ẹni tó jẹ́ rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ wá gbé mi ní Ọjọ́rú." Òun fúnra rẹ̀ ló sọ "gbé" o.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

A ti rà á. Aládùúgbò kan béèrè bóyá wọ́n máa tó fọ̀ ọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Dókítà ní ó yọrí sí rere. Màmá ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, mo kàn ń lọ wò ó, mò ń bọ̀, mò ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Wọ́n tú báńdéèjì. Màmá ṣẹ́jú, ó wò mí. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ ìwúrí. Ó ní, "O ti ń hu ewú."

A délé. Ó wo kọ́tìnì, ó ní ó wọ́. Èmi, télọ̀! Mo lọ wò ó: ó wọ́ lóòótọ́. Ó yọjú lójú fèrèsé. Ó ní ọkọ̀ ta nìyẹn. Mo ní tiwa ni, Màmá, òun lẹ wọ̀ wá. Ó tún wò ó dáadáa.

"Ọpẹ́ ni pé mi ò ríran nígbà tí mo wọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín pa mí títí mo fi jókòó sílẹ̀. Òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí ilé yìí ti gbọ́ irú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹfà oṣù Keje

Dókítà ní Màmá lè máa lọ. Láti àárọ̀ ló ti di àpò rẹ̀. Mo bá a gbé e, mo fi sẹ́yìn Ìjàpá.

Òjò ti rọ̀. A dé ibi tí ọ̀nà ti yí lẹ́ẹ̀kejì, Ìjàpá kọ̀. Ó rá sẹ́yìn díẹ̀. Ọ̀gá Máàkì ní ẹrù pọ̀ jù, kí ẹnì kan sọ̀kalẹ̀. Ta ni ìbá tún jẹ́? Mo bọ́ sínú ẹrẹ̀, mo fi èjìká tì í. Màmá yọ orí lójú fèrèsé, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere: "Tì í dáadáa! Má fi ọwọ́ kan tì í!" Ìjàpá fò síwájú, mo ṣubú. Mo fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, ẹrẹ̀ dé irun. Màmá ń juwọ́ sí mi láti inú ọkọ̀ bí aya ọba. Obìnrin tó ní ẹnikẹ́ni ò ní gbé òun mọ́!

Ó sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró níwájú ilé, ó wò ó látòkè délẹ̀. Ó pẹ́ tó ti rí i. Ó ní òrùlé ti dípẹtà, Bàbá ìbá ti gùn ún lọ tún un ṣe. Ó wọlé, ó jókòó lórí àga Bàbá, ó mí kanlẹ̀.

Ọ̀gá Máàkì ò lè mú un mọ́ra, ó ní kí Màmá fún Ìjàpá ní máàkì. Màmá rò ó. Òkè: mẹ́jọ. Ìgboro: mẹ́fà. Àpò: kò kan òun. Ẹwà: òdo.

Mo ti dìde láti máa lọ, mi ò fẹ́ kó rí ojú mi. Ó pè mí padà. Ó ní, "Ọjọ́ Ẹtì, ẹ wá gbé mi. Mo fẹ́ wá tún kọ́tìnì yẹn ṣe." Mo ní ṣé ẹ máa sùn níbẹ̀? Ó ní níbo ni kí òun sùn sí, inú Ìjàpá? Ó ní títí di Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn náà kí a gbé òun wálé. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí òjò bá gbà.

A padà délé, mo nu gbogbo máàkì kúrò lára ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ: Ẹtì – Màmá.