Àlọ́ Tí Mo Pa Nínú Oòrùn

Màámi àtàtà,

Ẹ jókòó dáadáa kí ẹ tó ka èyí. Ọmọ yín ti di apàlọ́ o, ní mùsíọ́mù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Onírèké, ní gbogbo Sátidé, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ti fajú ro. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni mo kọ, n ò ṣì í kọ. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Ọ̀gá wa obìnrin ló dá a lábàá pé kí àwọn ọmọdé máa wá gbọ́ ìtàn, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan tí wọn á mú lọ sílé. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣe é, torí pé lójú wọn, ẹnu mi ò dákẹ́ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀. Kí ni kí n sọ fún ọ̀gá tó kàwé tó bẹ́ẹ̀? Pé ìyá mi ní ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú? Wọ́n á ní ṣebí ìyá mi ti kú, kí ló tún kù tí mò ń bẹ̀rù? Àfìgbà tí mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ kúkú máa fi fíìmù ẹranko àwọn òyìnbó han àwọn ọmọ ni ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní ó dáa, màá ṣe é.

Ọgbọ́n yín ni mo ta. Ṣé ẹ rántí ọ̀sán ọjọ́ òjò yẹn ní Agbowó, tí n ò lè jáde ṣeré, tí mò ń sunkún pé kí ẹ pàlọ́ fún mi? Ẹ dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ yín, ẹ ti fèrèsé, ẹ ta ìró méjì bò ó, ẹ tan àtùpà, ẹ sì ní ilẹ̀ ti ṣú. Ta ni mo jẹ́ tí màá bá yín jiyàn? Èmi náà bá kó ìró yín mẹ́ta jáde nínú àpótí, mo so wọ́n mọ́ fèrèsé mùsíọ́mù, òkùnkùn sì kún inú yàrá.

Màámi, ìtìjú ńlá! Wọn ò mú iná wá lọ́jọ́ náà, fáànù dúró, ooru bò wá. Ọmọ kan bú sẹ́kún, méjì míì gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi òpè sì ti ní kí wọ́n máa fi àgékù aṣọ rán ìjàpá bí mo ṣe ń pàlọ́ lọ́wọ́. Aṣọ rírán nínú òkùnkùn! Nígbà tí a ṣí fèrèsé, ọmọkùnrin kan láti Challenge dìde, ìjàpá rẹ̀ sì bá a dìde. Ó ti rán an mọ́ ṣòkòtò ara rẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá wa ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní tí Sátidé tó ń bọ̀ bá tún rí bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. A wá ń kọ́kọ́ ránṣọ nínú ìmọ́lẹ̀ ná, ká tó bo fèrèsé. Bí ẹ ṣe kọ́ mi ni mo kọ́ wọn: kí wọ́n fi itọ́ rin ẹnu òwú kó lè wọ ojú abẹ́rẹ́, kí wọ́n ta kókó sí ìdí rẹ̀, kí wọ́n má sì fi abẹ́rẹ́ há ẹnu. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ̀yin fúnra yín ò pa á mọ́. Ìgbà wo ni abẹ́rẹ́ ò sí létè yín, tí ẹ ń bá oníbàárà nájà? Ẹ ò bá rí àwọn ìjàpá wọn! Òmíràn lẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn ọmọ Bódìjà àti Ring Road tí wọn ò gbọ́ Yorùbá dáadáa, àwọn gan-an ló ń pariwo “Ààlọ̀!” jù. Ẹní kan ò gbà wọ́n mọ́, mẹ́ta là ń tẹ́. Mo sì bẹ ọ̀gá wa pé kí n kọ ọ́ sára ògiri pé ìyá mi ló ni àwọn àlọ́ náà, wọ́n gbà. Orúkọ yín wà ní mùsíọ́mù, Màámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé alààyè kì í wá nǹkan lọ síbẹ̀. Orí mi ń wú gan-an ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn yẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ sì ní “Ààlọ́ o.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀. Mo ní ilẹ̀ ò tíì ṣú, kí ẹ jẹ́ ká fi í di alẹ́. Inú mi tún ń dùn pé mo pa òfin yín mọ́. Mo bá lọ gbé oúnjẹ yín wá nílé, ilẹ̀ ọjọ́ náà ò sì ṣú bá yín. Àlọ́ wo ni, Màámi? Ṣé èyí tí mo mọ̀ ni, àbí òmíràn? Kí ló dé tí n ò kàn dá yín lóhùn?

Ní Sátidé tó kọjá, a ti pàlọ́ dé ìdajì, Ìjàpá ti há sẹ́nu ihò, kò lè wọlé, kò lè jáde, ni bàbá ọmọbìnrin kan láti Olúyọ̀lé wá mú un. Àkúrẹ́ ni wọ́n ń kó lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ọmọ náà ò ní padà wá mọ́. Ó ń sunkún, ó ń bi mí bóyá Ìjàpá máa kú síbẹ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ fún un pé kó ṣe sùúrù, pé ó máa gbọ́ ìyókù lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín ní ọsibítù náà nìyẹn.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jáde síta, sí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò bàbá rẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù tẹ̀ lé wa, tàwọn ti ìjàpá wọn. Oòrùn mú ganrínganrín. Mo ké “Ààlọ́ o!” ní gbangba, wọ́n sì dáhùn. Bàbá rẹ̀ pa mọ́tò, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo pa á tán porogodo, torin-torin, kí ọmọ náà tó wọ mọ́tò.

Ẹ̀rù ò bà mí, Màámi. Tí ẹ bá fẹ́ bínú, ẹ bínú, ṣùgbọ́n n ò tún ní fi àlọ́ ẹnikẹ́ni di alẹ́ mọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fi yín yangàn, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.