Eérú Tí Mo Dà Sábẹ́ Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú eré, torí láti ìgbà tí o ti ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ fún mi ni mo ti mọ̀ pé eré sísá ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yẹ̀, lágbára Ọlọ́run. Ara wa le níbí, àfi adìẹ pupa tó kọ̀ tí kò yé ẹyin mọ́.

O ní inú wáyà kọ̀ǹpútà ni àwọn olè tí ẹ ń lé níbi iṣẹ́ yín ń gbà wọlé, àti pé ohun tó ń kọjá níbẹ̀ yára débi pé kí èèyàn tó ṣẹ́jú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ti lọ. Jọ̀wọ́, má sún mọ́ ọn jù, kí atẹ́gùn rẹ̀ má baà gbé ọ ṣubú, kí o sì máa jẹun kí o tó lé wọn.

Nígbà tí o wá sọ pé fóònù mi ń pè ọ́ lọ́sàn-án, tí ẹni tó pè kì í sọ̀rọ̀, tó kàn ń mí, àyà mi já. Èmi kì í sí nílé lọ́sàn-án, inú agolo bisikíìtì ni fóònù sì ń wà. Mo ní ó parí, àwọn olè rẹ ti tọ wáyà wá sílé wa. Mo fi àkísà dí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri. Lọ́jọ́ kejì, o ní ó tún pè.

Ìgbà yẹn ni mo rántí ohun tí o sọ, pé nígbà mìíràn ẹ máa ń jẹ́ kí olè wọlé, kí ẹ lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ibi tó ti wá. Mo jọ eérú kúnná, mo dà á láti abẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì dé ìdí agolo, mo bá tèmi lọ sóko. Nígbà tí mo dé, ipasẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì kò sì ní ọmọ-ìka ńlá. Ta ni àáké gé lọ́mọ-ìka ẹsẹ̀ nílé yìí bí kò ṣe bàbá rẹ?

Bàbá rẹ tí wọ́n ní àwọn kò ní bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé, láti ọjọ́ tí o ti fi iṣẹ́ káfíńtà wọn sílẹ̀. Ọdún kẹta rèé. Mo tọ ipasẹ̀ náà dé ìsọ̀ wọn, mo bá wọn lórí àpótí tí o kàn gbẹ̀yìn, èyí tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò tà, eérú wà lẹ́sẹ̀ wọn. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, wọ́n ní àwọn ti jẹ. Mo padà sílé, mo sunkún díẹ̀, mo gbálẹ̀.

Nítorí náà, fi owó káàdì ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀, torí olè tiwa ń jẹ káàdì gan-an. Fi owó oúnjẹ adìẹ kún un. Àkísà ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì o, ilé télọ̀ ni mo ti ń ṣáàjì fóònù báyìí, a ò kúkú mọ̀.

Tí o bá tún gbọ́ èémí yẹn lọ́sàn-án, má béèrè pé ta ni. Kí wọn kú iṣẹ́, kí o máa sọ̀rọ̀ lọ, sọ bí o ṣe jí àti ohun tí o jẹ. Ọlọ́run yóò dínà mọ́ gbogbo olè tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n èyí, ọmọ mi, má lé wọn. Mo ti gbé agolo náà sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Èmi ni ìyá rẹ.