Abísóyè àti Òru Àwọn Àjẹ́

Ajé, 21 Oṣù Kẹrin, 2025
Rowlett, lókè òkun. Òjò. Jessica, ọmọ ọmọ mi, gba iṣẹ́ àṣetiléwá: òru àwọn àjẹ́ ní Jámánì, ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí. Wọ́n ní àwọn àjẹ́ a máa pàdé lórí òkè. Ará ìlú a dáná láti lé wọn. “Grandpa, ṣé Nàìjíríà náà ní àjẹ́?” Mo ní kó lọ jẹun. Èmi, tíṣà ọdún márùndínlógójì!

Ọjọ́rú, 23
Walpurga tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òru náà kì í ṣe àjẹ́ — obìnrin Ọlọ́run ni. Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni wọ́n kó egungun rẹ̀ lọ sí ibojì tó níyì. Orúkọ àjẹ́ ló wá lẹ̀ mọ́ ọn.
Mo rántí ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹtì, 25
Láyíwọlá, ọmọ Abísóyè ẹ̀gbọ́n mi, pè láti ilé. Ara ìyá rẹ̀ kò yá rárá. Ó fẹ́ wá kú sílé bàbá wa. Ẹbí ní kò sáyè fún àjẹ́, àfi bí ẹni tó kọ lẹ́tà ìlékúrò bá yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.
Èmi ni. 1988. Ọmọ mẹ́ta kú lágbo ilé — wọ́n ní Abísóyè ló pa wọ́n jẹ. Àwọn àgbà kọ lẹ́tà wúruwùru, wọ́n ní kí tíṣà dà á kọ. Mo dà á kọ. N kò béèrè bóyá òótọ́ ni. Òun tó ń ṣẹ́gi tà kí n lè kàwé!

Àìkú, 27
Ìpàdé ẹbí lórí fóònù. Ọládèjì olórí ẹbí — Kábíyèsí Aláìládé ni mò ń pè é níhìn-ín — fi ìdajì wákàtí ka oyè ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà: “Tíṣà, kí lẹ rí sí i?”
Mo ní kí ara ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ yá díẹ̀ ná. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ojo ni.

Ọjọ́rú, 30
Jessica ka iṣẹ́ rẹ̀ fún mi láàárọ̀. Arúgbó tó ń dá gbé ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n pè ní àjẹ́. Ó wá bi mí: ṣé wọn ò lẹ́bìí ni?
Mo pe Kábíyèsí. Mo ní irọ́ ni lẹ́tà yẹn, ẹ̀rù wọn ló bà mí, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí òun pe ìpàdé ná. Mo ní rárá, lónìí. Kò ka oyè kankan — ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé e wá.

Ọjọ́bọ̀, 1 Oṣù Karùn-ún
Wọ́n gbé e délé. Òkú ni. Ojú ọ̀nà lẹ̀mí ti bọ́.
Láyíwọlá bá lẹ́tà náà lábẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ̀, ìwé náà ti gbó. Ó ti bi ìyá rẹ̀ rí, ìdí tó fi ń tọ́jú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Abísóyè ní òun ò kúkú mọ̀ ọ́n kà. Àbúrò òun ló kọ ọ́ — ṣé kò rí i bí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ṣe gún ni?