Ta Ló Kó Àwọn Ojú Ìwé Náà Lọ?

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Ọ̀wàrà 2025

Inú ń bí mi débi pé bírò yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ìwé já.

Lónìí, nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà Alhaja Bàrákátù, mo tẹ ‘man’, ìkékúrú ‘manual’, ìwé ìlànà inú kọ̀ǹpútà, mo fi orúkọ àṣẹ kọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀ tì í, bí mo ṣe ń ṣe lójoojúmọ́. Ojú ìwé tó ń ṣàlàyé àṣẹ yẹn ló yẹ kó yọ. Kò yọ. Ìlà kan ṣoṣo ló jáde — kò sí àlàyé kankan fún ohun tí mo bèèrè. Mo tẹ òmíràn. Kò sí. Òmíràn. Kò sí!

Mo pe olùkọ́ wa, Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn. Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ ni mo ń pè é nínú ìwé yìí. Kò tiẹ̀ wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó ní ṣebí ‘man’ ni wọ́n pè é, bóyá ọkùnrin nìkan ló ń dá lóhùn. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Nímọ́tà, ọ̀rẹ́ mi, náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Kò yọ.

Ọjọ́rú, 8

Kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìdí tí inú fi ń bí mi tó báyìí lè yé èmi fúnra mi. Abidjan ni wọ́n bí mi sí, Faransé ni mo fi kàwé. Kò ju ọdún méjì lọ tá a padà sí Èjìgbò. Gẹ̀ẹ́sì Mo-Ti-Mọ̀ ń sáré bí ọ̀kadà tó ń lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Tí mo bá ní “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ,” á mí kanlẹ̀. Ojú ìwé yẹn kì í mí kanlẹ̀. Mo lè ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni ìdánwò. Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì — àwọn ojú ìwé yẹn nìkan la lè wò. Ẹni tó bá ṣe dáadáa jù ni Alhaja máa gbà síṣẹ́. Àwọn tó kù ní olùkọ́ tí wọ́n ń gbọ́ èdè ẹ̀. Èmi ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, 9

Mo débẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mo wo fódà tí àwọn ojú ìwé máa ń wà. Òfìfo. Ó dáa, mo fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù mi gbà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà látìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun ti parí, kò sí wàhálà. Mo padà wo fódà. Òfìfo! Ṣé kọ̀ǹpútà náà ti ń purọ́ fún mi ni? Mo lu tábìlì. Nímọ́tà ní kí n rọra, pé tòun náà ò yọ mọ́ láti ọjọ́ Ajé.

Tiẹ̀ náà! Mo yí gbogbo yàrá ká. Bó ṣe rí lórí kọ̀ǹpútà méjèèjìlá nìyẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Mo rí i.

Fáìlì kékeré kan wà tí kọ̀ǹpútà máa ń kà kó tó gba ohunkóhun wọlé. Ìlà kan wà nínú ẹ̀: ohunkóhun tó bá ti jẹ́ ojú ìwé ìrànwọ́, má gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ pé òun ti parí. Ó ń gbà á lọ́tùn-ún, ó ń dà á nù lósì. Ẹnì kan ló kọ ọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà lára fáìlì — ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ karùn-ún oṣù. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹnì kan ṣoṣo ló ní kọ́kọ́rọ́: Mo-Ti-Mọ̀.

Mo pa ìlà yẹn rẹ́, mo tún un gbà. Ojú ìwé yọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo tún ti Nímọ́tà ṣe. Ìdí kọ̀ǹpútà kẹta ni Mo-Ti-Mọ̀ ti wọlé bá mi. Mo ní, “Ẹ̀yin lẹ kó wọn kúrò, sà.” Ó ní ta ló ní kí n fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ẹlòmíì. Ó ní kí n jáde, kí n má padà wá mọ́.

Mo kó báàgì mi. Mo wò ó lójú kí n tó jáde. Òun ló kọ́kọ́ gbójú kúrò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Màámi ní kí n lọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Mo-Ti-Mọ̀ wá sílé wa. Mo ń sá aṣọ lọ́wọ́. Màámi gbé àga fún un, ó ní òun á dúró. Ó ní, “Mùtmàínà, wàá ka àwọn nǹkan yẹn tán, wàá wá máa bi mí ní ìbéèrè lójú gbogbo èèyàn. Mi ò mọ ìdáhùn ẹ̀. Wọn ò kọ́ èmi náà débẹ̀.” Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún Alhaja.

Mi ò mọ̀ pé mo lè pariwo mọ́ àgbà. “Ẹ̀yin lẹ lé mi jáde! Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n máa rò pé mi ò lọ́pọlọ!” Màámi ní kí n dákẹ́. Mi ò dákẹ́. Mo ní kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ lọ́la, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èmi á sọ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 13

Ó sọ ọ́. Lójú Alhaja, lójú gbogbo wa. Kò fi nǹkan kan pa mọ́.

 Alhaja wá bi mí: “Ìwọ ló ṣe é sí. Kí lo fẹ́ ká ṣe?” Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń to èébú jọ. Mi ò rí ẹyọ kan pè nínú wọn.

Mo ní kí Mo-Ti-Mọ̀ wá jókòó tì mí. Mo tẹ ‘man’. Ojú ìwé yọ. Mo ní, “Ẹ kà á sókè, sà. Ẹ rọra kà á, kó lè yé àwa méjèèjì.”

Ó ń kà á. Kò sáré lọ́tẹ̀ yìí. Inú ṣì ń bí mi.