Fíìmù Tí Mo Ṣèlérí fún Bàbá Èbúté

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹsàn-án, 2012
Mi ò sùn. Ọ̀sán àná ni o. A ò ju mẹ́fà lọ nínú sinimá, èmi lórí ìjókòó mi, ìlà keje, àárín gbùngbùn. Fíìmù parí, kọ́tìnnì ò padé. Iná kàn ń tàn gbòò lára aṣọ funfun. Ọdún mọ́kànlélógójì tí Bàbá Wichian ti ń fi fíìmù hàn wá nílùú Phichit, kò jẹ́ ká rí aṣọ yẹn ní ìhòòhò rí. Àwọn yòókù ń nara, wọ́n ń wá bàtà wọn. Èmi sáré gun àtẹ̀gùn. Mo bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Gbígbóná — orúkọ tí mo sọ ẹ̀rọ ńlá tó ń gbé fíìmù jáde nìyẹn — okùn kọ́tìnnì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọkàn ni, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò tíì lajú.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹwàá
Mo lọ sí ojúbọ Bàbá Èbúté, òrìṣà tó ń ṣọ́ èbúté wa, létí odò. Ẹyin sísè, ẹlẹ́rìndòdò pupa, tùràrí mẹ́sàn-án. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, bí ẹ bá dá Wichian padà sílé láàyè, màá fi fíìmù kan hàn yín. Bí gbogbo èèyàn ṣe ń jẹ́jẹ̀ẹ́ nìyẹn. Ẹnu mi ò dúró síbẹ̀. Mo ní fíìmù gidi ni, róòlù méje pérépéré, nínú sinimá, kọ́tìnnì á ṣí, á sì padé, a ò ní gé ohunkóhun kúrò. Ta ló bi mí? Ta ló ní kí n fi kún un?

Ọjọ́bọ̀, 4
Ó lajú! Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu ẹ̀: ta ló wá pa kọ́tìnnì dé? Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Ó ti délé. Kò gbọdọ̀ gun àtẹ̀gùn, kò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Duangduean, ọmọ ẹ̀ obìnrin, sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ló ń wò lójú bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 14
Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi falẹ̀. Ẹni tó bá fi falẹ̀, Bàbá Èbúté á gba ohun tó fún un padà. Mo lọ bá Kriang, tó ń fi fíìmù hàn kiri ojúbọ. Òun àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ti ta ẹ̀rọ wọn fún àwọn onírin àlòkù, kọ̀ǹpútà ló kù. Tiẹ̀ ò ju páálí bàtà lọ. Ó ní, "Tíṣà, Bàbá Èbúté ò lè mọ ìyàtọ̀." Mo ní èmi mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Háà, ẹ̀yin wá ni wọ́n ń bọ báyìí?" Oníranù.

Ọjọ́rú, 17
Mo bi Ìyá Samli tó ń tọ́jú ojúbọ. Ẹ̀pà ló ń jẹ, kò tiẹ̀ dáwọ́ dúró. "Rampha, láti ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é níbí, Bàbá ò bínú rí. Lọ bẹ̀ ẹ́, fi orí ẹlẹ́dẹ̀ kan kún un, ó ti parí."
Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi ò dùn rárá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20
Bàbá Wichian wá lónìí, ó wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ó ti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ́. "Ẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ nítorí ẹ̀mí mi, ẹ wá fẹ́ gbé e fún Kriang? Ẹ̀mí mi ò ju páálí bàtà lọ? Tíṣà, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o!" Mo rán an létí àtẹ̀gùn. Ó ní ọjọ́ tó ti ń gùn ún, kò tíì bu òun jẹ. A jọ rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀rín tán. Ó béèrè bóyá Bàbá Èbúté á gba ti kọ̀ǹpútà. Ó ní tó bá máa gbà á, òun náà á gbà, nítorí Duangduean tí ẹ̀rù ń bà.
Ó béèrè. Ó ń wo ojú mi. Mo ní Ìyá Samli ní kò ní gbà á.
Irọ́ ni mo pa. Èmi, tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́.

Ọjọ́ Ajé, 22
Mo fẹ́ lọ sọ òótọ́. Òjò ń rọ̀. Mi ò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 25
Bàbá Wichian ti fi epo sí Ìyá Gbígbóná àti ẹ̀rọ kejì. Mo bá a ru agolo fíìmù méjèèje gòkè. Duangduean bẹ̀ mí ní ojú títì: ẹ bá mi sọ fún un, ọ̀rọ̀ yín nìkan ló ń gbọ́. Mo ní mo ti gbìyànjú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 27
Mo fọwọ́ ara mi gbé àwo tùràrí wá láti ojúbọ, kí Ìyá Samli má baà wá bá wa tàkúrọ̀sọ. Mo gbé e sí ìlà iwájú, mo pe Bàbá Èbúté wọlé. Aago méjì ọ̀sán. Èmi àti òun nìkan la wà nínú ilé tó gba ẹgbẹ̀rin èèyàn.
Bàbá Wichian wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó lọ̀ dáadáa. Àtẹ̀gùn mọ́kàndínlógún. Ó sinmi lẹ́ẹ̀mẹta.
Iná rọra ń lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ. Àwòrán ti bọ́ sára kọ́tìnnì kó tó máa ṣí — àwọ̀ pupa, àwọ̀ odò — ìyàwó ọlọ́kọ̀ tó ń wá ọkọ ẹ̀ kiri. Ìgbà mẹ́fà ló pààrọ̀ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, mi ò rí ibi tó ti so ó pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jáde, kọ́tìnnì padé lé e lórí. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí.
Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ètè ẹ̀ ti dúdú. "Ó pé àbí kò pé?" Ó pé, Bàbá. Ó fẹnu kan ọbẹ̀ núdù tí mo rà fún un, ó tì í sẹ́yìn. Mo rí i. Mi ò pe dókítà, mo ṣì ń sọ̀rọ̀ fíìmù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30
Bàbá Wichian kú ní òwúrọ̀ yìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 Oṣù Kọkànlá
Mo lọ sí tẹ́ńpìlì tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Duangduean bu omi fún mi, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́. Ìyá Samli jókòó tì wá, ó ń nu ojú. Ó ní, "Áà, Wichian! Mo mà sọ fún Rampha pé ti kọ̀ǹpútà ti tó." Kò mọ ohun tó sọ.
Duangduean fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ní bàbá òun sọ fún òun pé Bàbá Èbúté kọ̀ ọ́ ni. Ó ní, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?
Mo ní èmi ni.
Kò pariwo, ì bá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Ọjọ́ Àìkú tí a máa sun òkú ẹ̀, ẹ má wá." Gbogbo èèyàn ń wò mí bí mo ṣe ń wá bàtà mi.
Mi ò ní lọ. Ó lẹ́tọ̀ọ́. Èmi ni mo pa á, mo sì mọ̀ ọ́n.
Ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni nìyí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lọ sí sinimá, mi ò tíì wo fíìmù kankan tó dára tó ti ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn.