Tábà Tí Bàbá Ń Retí

Ilé Kẹsàn-án, Ẹ̀yìn Ọjà,
Enerhen, Warri.
19 Oṣù Kẹfà, 1997.

Bọ̀ọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àfẹ́kù Màmá. Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti lọlẹ̀ bí? A wà láàyè níbí. Ìbọn ò dún láti Sátidé, a ti kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ti ń sùn lórí rẹ̀.

Mo ti lọ sí Òbè-Àgbà, abúlé wa, láti sọ fún Bàbá pé Màmá ti kú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sun abúlé nínú ìjà yìí, tí Màmá sá wá bá mi, tí Bàbá sì kọ̀ láti kúrò níbẹ̀, wọn ò rí ara wọn mọ́.

Bọ̀ọ̀dá, kò sí abúlé mọ́ o! Òpó ilé tó ti jóná nìkan ló kù nínú omi. Ṣọ́ọ̀ṣì tí bàbá ńlá wa kọ́ ti di eérú. Ìdákọ̀ró ńlá àwọn òyìnbó àtijọ́, tí a máa ń gùn bí ẹṣin ní kékeré, ṣì wà ní etí omi. Mo sunkún títí.

Bàbá jókòó sábẹ́ páànù méjì, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Mi ò tíì kúnlẹ̀ tán tí wọ́n fi bèèrè: “Ìyá yín ńkọ́?” Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n, Bàbá.” Mo purọ́! Èmi tí mo máa ń pè yín ní ojo. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní obìnrin yẹn ti lọ ń jayé ní Warri. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó gbé mi lọ ti ń pariwo: “Madam, make we dey go! I no wan die for here!”

Ni Bàbá bá di orí ẹja ọ̀bọ̀kún gbígbẹ sínú aṣọ, wọ́n ní kí n gbé e fún Màmá. Ẹ ṣáà mọ̀ wọ́n: bí Bàbá bá fi ẹja ránṣẹ́, Màmá á di tábà sínú aṣọ kan náà, á ta á ní kókó mẹ́ta, á dá a padà. Bàbá ní bí àwọn bá ti rí kókó mẹ́ta yẹn, ọkàn àwọn á balẹ̀.

Nígbà tí mo délé, Bímbọ́lá ọmọ mi wo ẹja náà, ó ní, “Mummy, but Grandma don die na.” Mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà ni mo dì mọ́ ọn, a jọ sunkún.

Ẹ̀yin ni àkọ́bí, ẹ̀yin ló tọ́ sí láti túfọ̀ Màmá fún Bàbá. Festus awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá yóò gbé yín bọ̀. Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ríru bojú o! Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ọlọ́kọ̀ ojú omi ń padà lọ sọ́dọ̀ Bàbá. Mo ti ra tábà. Mo ti fọ aṣọ náà. Mo ti ta kókó méjì; bí ẹ ò bá dé, màá ta ẹ̀kẹta.

Àbúrò yín tó ń wọ̀nà,
Ìyádùnní.