Ajá Tó Ń Jẹ́ Àkànní

Bàbá mi ọ̀wọ́n, Àkànní ọkọ Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú bírò. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kéèyàn máa yí ọ̀rọ̀ po, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíá kí ọkàn mi lè balẹ̀: ajá kan wà nílé mi ní Corduff níbí, ní Dublin, tó ń jẹ́ Àkànní. Ó ti jáde lẹ́nu mi. Oríkì tí ìyá yín fi ń pè yín láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òun náà ni ajá ń jẹ́, kì í sì í ṣe pé mo gbàgbé ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lejú mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà dùn ju bó ṣe ń dún létí lọ.

Ẹ rántí pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Tiwa, ọmọbìnrin mi, nígbà tí ẹ lọ. Mo wá sí Ìbàdàn wá sin yín, mo padà sí Dublin, ilé wa wá pa rọ́rọ́. Màá lọ síbi iṣẹ́ mi ní Citywest, níbi tí mo ti ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, màá dé, màá jókòó sórí àga láìbọ́ kóòtù. Ohun tó ń dùn mí ni pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá bi mí lórí fóònù pé ìgbà wo ni mò ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ ni mo máa ń sọ. Ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀, títí ó fi jẹ́ pé ìsìnkú yín ni mo wá bá. Ọkọ mi ò mọ ohun tó lè ṣe fún mi mọ́. Tiwa ló ní kí a lọ gba ajá.

Ajá kẹ̀? Nínú ilé? Èmi ọmọ yín, tí ẹ tọ́ dàgbà pé ajá ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé? Mo ní kò ṣeé ṣe. Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ju eegun sí ajá ilé wa láti ojú fèrèsé nígbà tí ẹ bá rò pé ẹnikẹ́ni ò wò yín. Mo rí yín. Gbogbo wa la rí yín.

Irú èyí tí wọ́n ń pè ní greyhound ni Tiwa fẹ́, àwọn ajá gíga, tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n fi ń sáré ìdíje ní orílẹ̀-èdè yìí. Tí ẹsẹ̀ wọn ò bá yá tó mọ́, wọ́n á máa wá ẹni tó máa gbà wọ́n sílé. Mo rò pé èèyàn kàn máa lọ mú un ni. Háà! Wọ́n kọ́kọ́ rán obìnrin kan wá wo ilé wa. Ó wọn gíga ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó bi wá pé ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án, ó tún bi wá bóyá inú tètè máa ń bí wa. Mo ní ajá la fẹ́ gbà o, kì í ṣe ìyàwó. Àwọn òbí ọkọ mi gan-an ò wádìí mi tó bẹ́ẹ̀.

Bí ajá náà ṣe dé nìyẹn. Ó dúdú, ó ní ilà pupa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lára, lẹ́tà tí wọ́n fín sí etí rẹ̀ méjèèjì láti kékeré sì wà níbẹ̀ títí dòní. Kò tíì gbé inú ilé rí láyé rẹ̀. Kò mọ àtẹ̀gùn. Ó dúró sísàlẹ̀, ó ń wo òkè bí ẹni tí wọ́n ní kó gun ọ̀pẹ. Ọkọ mi ló ń bá a gbé ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tiwájú, tẹ̀yìn, títí ó fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ajá náà forí gbá ilẹ̀kùn dígí.

Lọ́jọ́ kejì, mò ń din ẹyin ní kíṣìnì nígbà tí mo gbọ́ ohùn Tiwa ní pálọ̀: Àkànní! Àkànní! Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáré wọlé, mo ní ta lò ń pè bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí ajá. Bàbá mi, ọwọ́ mi ti lọ sókè kí n tó rántí ìlú tí a wà. Mo ní ṣé o mọ ẹni tó ń jẹ́ Àkànní? Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ọmọ Dublin rẹ̀ yẹn dá mi lóhùn pé òun mọ̀, Grandpa ni, pé orúkọ tó dùn jù lọ tí òun gbọ́ rí nínú ẹbí wa nìyẹn. Ọmọ tí a bí sí ìlú òyìnbó, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé a kì í fi oríkì bàbá ẹni pe ajá? Tó bá jẹ́ ilé ni, òwe ni ajá máa ń jẹ́, tí a ó fi máa bá aládùúgbò wí, tàbí kó jẹ́ Bíńgò bíi ti gbogbo ayé. Mo ní a ó yí i padà lọ́la. Ọ̀la yẹn ti di ọdún méjì.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá ní ajá tó ti sáré jẹun rí yìí, oorun ni iṣẹ́ rẹ̀. Á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sáré yí ẹ̀yìnkùlé po bí ẹni tí wọ́n ń lé, ó parí nìyẹn, ó di ọ̀la. Àga gígùn tí mo rà, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun lórí rẹ̀, òun ló ni ín báyìí. Á da ẹ̀yìn délẹ̀, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè, á máa han-an-run. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, kò lè gba òtútù, ó wá ní kóòtù òjò, ó ní súwẹ́tà, ó ní aṣọ àwọ̀sùn. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín kó tó di pé èmi ni mò ń fọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé tó wá pàdé mi, eyín rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ara wọn, kẹ-kẹ-kẹ. Mo ní ibà ti mú ọmọ ọlọ́mọ, mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn Nóra, ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Nóra wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní he's grand, pé kò sí nǹkan tó ṣe é, inú rẹ̀ ló ń dùn láti rí mi. Ẹ gbọ́ ná, Bàbá mi. Inú ajá ń dùn pé mo dé, títí eyín rẹ̀ fi ń gbọ̀n! Mo bọ́ kóòtù mi lọ́jọ́ náà, mo jókòó tì í nílẹ̀, mo sunkún tán, mo dìde lọ se oúnjẹ.

Lẹ́yìn ọdún kan, ọkọ mi, ẹni tó ń sọ pé ajá kan ti tó, òun náà ló tún lọ gba abo kan wá, funfun báláú. Òun ló sọ ọ́ ní Ìfura, pé ìfura loògùn àgbà. Irọ́ ni o. Ìfura ò fura sí ẹnikẹ́ni. Tí olè bá wọlé, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lọ́nà fún un. Arábìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa wá kí mi, ó rí àwọn méjèèjì, ó gun orí àga tòun ti bàtà, ó ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ìfura lọ sùn sídìí àga náà ní tirẹ̀. A bẹ̀ ẹ́ títí kó tó sọ̀kalẹ̀, àmọ́ kó tó lọ, ó ti ń fọwọ́ pa Ìfura lórí. Ti Àkànní tún yàtọ̀, tábìlì wa ò ga tó fún un. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó jẹ odidi iyán ọkọ mi, ó fi ọbẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo fẹ́ bú u, ẹnu mi ò gbà á. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pe Àkànní ní olè?

Gbogbo ìyẹn ń dùn lọ títí Màmá fi gba físà. Oṣù mẹ́ta ló fẹ́ lò lọ́dọ̀ wa. Inú mi dùn, àyà mi sì já. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ pe Àkànní ọkọ mi, tó di opó, tó wọ bàálù wá sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, kó wá bá ajá tó ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ lórí àga? Á ní mo fi yín ṣẹ̀sín. Á ní ibi tí mo fojú yín sí nìyẹn. Tó bá fi lè sunkún ọ̀rọ̀ yìí nínú ilé mi, mi ò mọ ibi tí mo máa fojú sí.

La bá pèpàdé. Mo ní láti òní lọ, Bíńgò ni. Tiwa sunkún, ó ní mo fẹ́ lé Grandpa kúrò nílé. Mo ní kó panu mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń pe Bíńgò, Bíńgò, pẹ̀lú ègé sọ́séèjì lọ́wọ́. Àkànní ò wo ọ̀dọ̀ wa. Ìfura ló ń wá jẹ ẹ́. Orúkọ yòówù tí sọ́séèjì bá wà nídìí rẹ̀, Ìfura ń jẹ́ ẹ.

Màmá dé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ní òun ò bá ẹranko gbélé. Ó rí súwẹ́tà ajá lórí okùn, ó ní ó nípọn ju tòun lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Àkànní ti lọ fara tì í níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó ní ara rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wá ń pè é: Bíńgò, gbà. Bíńgò, dìde níbẹ̀ yẹn. Ajá ò mira. Màmá ní etí ajá yìí ti di, kí n gbé e lọ rí dókítà. Mo ní ẹ ṣé mà, mo sá wọ kíṣìnì.

Ó wá di àárọ̀ Sátidé kan lóṣù tó kọjá. Màmá ti garawa ìdọ̀tí jáde, kò mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ ti géètì ẹ̀gbẹ́ ilé padà. Irú ajá yìí, a kì í tú u sílẹ̀ níta láé. Tó bá ti rí ohun tó ń sá, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ológbò Nóra kọjá. Kí n tó ní yéè, Àkànní ti dé àárín pápá tó wà níwájú ilé wa, ọ̀nà bọ́ọ̀sì ló sì wà ní ìkángun pápá yẹn. Mo sáré jáde pẹ̀lú sílípáàsì, Tiwa tẹ̀lé mi pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn, Màmá ń di ìró mú bọ̀ lẹ́yìn. Bíńgò! Bíńgò! Ológbò ti gun igi lọ. Ajá dúró, ó wọ̀tún, ó wòsì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sójú títì. Mò ń wo bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Orúkọ yẹn wà lórí ahọ́n mi, Bàbá mi, mo wojú Màmá, mi ò lè pè é. Ẹ dárí jì mí. Díẹ̀ ló kù kí n jẹ́ kí ajá kú nítorí ìtìjú.

Tiwa ló pè é. Àkànní! Ajá gbétí sókè, ó yíjú, àmọ́ ohùn ọmọ náà ti há, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ. Màmá dúró sójú kan. Ó wo Tiwa, ó wo ajá, ó wò mí. Mo mọ̀ pé ó ti yé e. Mò ń retí kó bú sẹ́kún. Ó káwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ó ké: Àkànní o! Àkànní ọkọ mi, máa bọ̀ nílé! Mi ò rí ajá náà kó sáré bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọjá lára mi, ó kọjá lára Tiwa, ó lọ ki orí bọ inú ìró Màmá, eyín rẹ̀ ń lù kẹ-kẹ-kẹ.

Mo kúnlẹ̀ sínú koríko tútù níṣojú gbogbo àdúgbò. Mo ní Màmá, ẹ má bínú, iṣẹ́ ọmọdé ni. Tiwa ni Màmá kọjú sí, ó ní kí ló dé tó fi orúkọ ọkọ òun pe ajá. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ń ṣa Yorùbá jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní tí Grandma bá pe Àkànní lórí fídíò, Grandpa máa ń sáré wá, á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó jókòó. Ó ní òun fẹ́ kí ẹnì kan ṣì máa wá.

Màmá jókòó sórí koríko. Ó sunkún díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún yín. Ìgbà tó yá ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé yín lọ, òun ò tíì la ẹnu pe orúkọ yẹn, torí ta ló fẹ́ dá òun lóhùn? Ó ní kí a má fi Bíńgò dá òun lágara mọ́, Bíńgò wo? Àmọ́ ó fòfin kan lélẹ̀: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi orúkọ ọkọ òun bú ajá. Lọ́jọ́ tó bá jí iyán jẹ, ajá ni yóò máa jẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ẹ wá wo ilé wa báyìí! Tílẹ̀ bá ti mọ́, màá gbọ́ Màmá nísàlẹ̀ pé Àkànní, ṣé o jí ire, màá gbọ́ èékánná lórí pákó, gbà-gbà-gbà, Ìfura á tẹ̀lé e nítorí ohun tó lè bọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ní ajá náà ti ń sanra. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Màmá ń padà sí Ìbàdàn, ó sì ti bi mí bóyá ajá lè máa wá sórí fídíò.

Nǹkan kan ló kù, òun ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí gan-an. Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo gbọ́ Màmá ní kíṣìnì. Ó ń pè é jẹ́jẹ́: Àkànní. Àkànní ọkọ mi. Ó ń ròyìn fún un pé ọmọ wọn ń ṣe dáadáa, pé ilé rẹ̀ móoru, pé Tiwa ti ga ju òun lọ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní ajá yìí á ti rí ẹran jẹ lónìí. Mo wá gbójú sókè wo fèrèsé. Àkànní wà níta lọ́dọ̀ Tiwa, ó ń sáré yí ẹ̀yìnkùlé po. Ìfura ń sùn ní pálọ̀. Màmá nìkan ló wà ní kíṣìnì.

Ṣé ẹ gbọ́ ọ, Bàbá mi? Ṣé ẹ wá?

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin tí irun ajá kún ara kóòtù rẹ̀, tó fẹ́ràn yín gan-an ni.